Táńkì, drone, àti àwọn tó jókòó sórí ẹ̀tù

Ní àwọn ojú ọ̀nà kan ní ìlà oòrùn àti gúúsù Ukraine, àwọ̀n apẹja ni wọ́n ta bo títì báyìí. Wọ́n ri òpó sọ́tùn-ún, wọ́n ri òpó sósì, wọ́n wá na àwọ̀n láti òpó dé òpó bí ìgbà tí wọ́n bá pa àtíbàbà fún ìnáwó, àfi pé àtíbàbà yìí gùn lọ ní kìlómítà lórí kìlómítà. Àwọn apẹja Bretagne ní ilẹ̀ Faransé ló ti lo díẹ̀ nínú àwọ̀n náà gbó kí wọ́n tó fi ta Ukraine lọ́rẹ. Drone ni wọ́n fi ń mú níbẹ̀.

Abẹ́ àtíbàbà yìí ni ọkọ̀ tó gbé oúnjẹ, ọkọ̀ tó gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti ọkọ̀ ogun ń gbà kọjá. Mi ò lè wo àwòrán rẹ̀ kí n má dúró lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó 60 tọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi irin àti oríṣiríṣi nǹkan líle dì níwájú débi pé ọta àgbá lè bà á kó má wọlé, òun náà ló wá ń wá ààbò lọ sábẹ́ ohun tí wọ́n hun láti fi kó ẹja. Láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti ya wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé iṣẹ́ táńkì ti parí. Láàárín àkókò yẹn kan náà, Poland ra 180 lọ́wọ́ Gúúsù Kòríà, Norway ra 54 lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, Jámánì ra tiẹ̀, Britain sì ń tún 148 ṣe di tuntun. Àwọn tó ní ó ti parí kò dákẹ́, àwọn tó ń rà á náà kò ká ọwọ́ wọn kò.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ táńkì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bí àgbá rẹ̀ ṣe tóbi tó àti bó ṣe ń sáré tó. Èmi fẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí á máa wò: ibi tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ jókòó sí, àti ibi tí wọ́n kó ọta sí. Bí o bá mọ ibi méjèèjì nínú táńkì kan, o ti mọ ojú tí àwọn tó kàn án fi wo ẹ̀mí ènìyàn.

Ní ilé wa, ẹni tó bá dárúkọ táńkì, ti omi ló ń sọ: ike dúdú ńlá tó wà lórí òpó lẹ́yìn ilé. Ó dà bí ẹni pé orúkọ lásán ló ṣèèṣì pa òun àti ọkọ̀ ogun pọ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1915, wọ́n gbé iṣẹ́ àṣírí kan fún iléeṣẹ́ William Foster ní ìlú Lincoln, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà ń ṣe tẹ́lẹ̀. William Tritton àti Walter Wilson ló yàwòrán ọkọ̀ tuntun náà. Kí aráyé má baà mọ ohun tí wọ́n ń kàn, wọ́n ní táńkì omi ni, pé àwọn ọmọ ogun tó wà ní Mesopotamia, ilẹ̀ tí à ń pè ní Iraq lónìí, ló máa lò ó. Irọ́ yẹn ló di orúkọ. (Yorùbá náà ti ṣe irú rẹ̀ rí: àgbá tí à ń kó epo sí àti àgbá tí wọ́n ń yìn lójú ogun, orúkọ kan náà ni.)

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916 ló kọ́kọ́ jáde sógun, ní Flers-Courcelette lágbègbè odò Somme ní ilẹ̀ Faransé. 49 ni wọ́n ní nílẹ̀, 32 ló dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbéra. Ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, láìsí ògiri kankan láàárín. Ooru inú rẹ̀ lè tó 50 lórí ìwọ̀n Celsius. Èéfín ẹ́ńjìnnì àti ti ìbọn á dà pọ̀, àwọn kan á máa bì, àwọn mìíràn á dákú. Bí ọta bá ba irin lóde, èérún irin máa ń ta láti ara ògiri inú lọ bá wọn lójú, èyí ló fà á tí wọ́n fi rán ìbòjú aláwọ fún wọn, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin kéékèèké so mọ́ ibi ẹnu. Gbogbo ìyà yìí, ìrìn tí wọ́n ń rìn kò ju kìlómítà mẹ́fà ní wákàtí kan. Wọ́n kọ́ ọkọ̀ náà kó lè la wáyà ẹlẹ́gùn-ún kọjá, kó sì lè rékọjá yàrà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kan ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe táńkì ti ń ná ọjà kan náà. Ó fẹ́ àgbá tó lágbára, ó fẹ́ ìhámọ́ra tó nípọn, ó sì fẹ́ kó lè sáré. Ìwúwo ni owó tó fi ń ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá fi irin kún un, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tóbi sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá tóbi, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gùn kó tó lè gbà á. Bí ọkọ̀ bá gùn, irin tó máa bò ó á tún pọ̀ sí i, títí tó fi máa dé ẹsẹ̀ afárá kan tí kò ní lè gbà á. Leopard 2 tí Jámánì gbé jáde ní 1979 wọn 55 tọ́ọ̀nù. Àwọn tuntun inú ìdílé rẹ̀ ti kọjá 65, ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 1,500 yẹn náà ló sì ṣì ń gbé wọn. Abrams ti Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sanra lọ́dọọdún.

Torí náà, kò sí ẹni tó lè bo gbogbo ara táńkì bákan náà. Ibi tí ọ̀tá ti sábà máa ń yìn ín ni wọ́n ń kó irin sí: iwájú ara rẹ̀, àti iwájú orí tó gbé àgbá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju iwájú lọ, ẹ̀yìn tún fẹ́lẹ́ ju ẹ̀gbẹ́. Àtàrí ni wọ́n fi ṣe ìgbẹ̀yìn, nítorí pé fún ohun tó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò wọ́pọ̀ kí nǹkan já bọ́ láti òkè kó ba táńkì gan-an. Ohun tí gbogbo àwọ̀n apẹja yẹn ń sọ nìyẹn.

Ohun méjì ló máa ń gún ìhámọ́ra. Èkíní ni ọfà gígùn tín-ín-rín tí wọ́n fi tungsten tàbí uranium ṣe. Àgbá ni wọ́n fi ń ta á, ó sì ń fò ju 1,500 mítà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ní ẹ̀tù nínú rárá. Eré rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Èkejì kò nílò eré: bàbà fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n ṣe bí àrọ tí à ń fi rọ epo sínú ìgò, tí wọ́n wá fi ẹ̀tù líle yí lẹ́yìn. Bí ẹ̀tù yẹn bá bú, bàbà á ká jọ di ọ̀kọ̀ tín-ín-rín, á sì gún irin lọ bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka gún ẹ̀kọ. Òun ló wà lẹ́nu RPG-7 tí gbogbo wa ń rí lọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí nínú àwòrán. Àwọn ará Britain ló rí ọ̀nà láti fi bá a jà ní Chobham, níbi tí wọ́n ti to irin àti amọ̀ líle tí wọ́n yan nínú iná lé ara wọn ní ìpele ìpele. Àwọn ará Ísírẹ́lì wá gbé òmíràn lọ sógun Lẹ́bánónì ní 1982: àpótí pẹlẹbẹ bíi bíríkì, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara táńkì lóde. Bí ọ̀kọ̀ bàbà bá dé, àpótí á bú síta, á sì gé ọ̀kọ̀ náà kó tó wọlé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, wọ́n ti kọ́kọ́ pa táńkì lẹ́nu báyìí. Àwọn ọmọ ogun Íjíbítì sọdá odò àtọwọ́dá Suez láti bá Ísírẹ́lì jà, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lára wọn sì gbé mísáìlì Malyutka dání nínú àpótí tó dà bíi ti arìnrìn-àjò. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn, á fi wáyà tín-ín-rín darí mísáìlì títí tó máa fi ba táńkì. Nígbà tí Ísírẹ́lì ka iye táńkì rẹ̀ tó bàjẹ́ ní Sinai, ayé ní táńkì ti tán.

Israel Tal, ọ̀gágun Ísírẹ́lì tó ti darí táńkì lójú ogun, kò gbà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí táńkì kan ṣáájú ogun yẹn, torí pé Britain ti kọ̀ ní 1969 láti ta táńkì Chieftain fún Ísírẹ́lì. Lójú tirẹ̀, orílẹ̀-èdè kékeré lè rí irin mìíràn rà, àmọ́ kò lè rí àwọn ọmọ mìíràn rà. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe táńkì ńlá kò ṣe: ó gbé ẹ́ńjìnnì wá síwájú, kí gbogbo irin ẹ́ńjìnnì yẹn lè wà láàárín ọta àti àwọn ènìyàn. Ó wá gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìn, kí wọ́n lè sá jáde láìgun òkè lójú ìbọn. Merkava ni wọ́n pè é, ọdún 1979 ló wọṣẹ́. Wọ́n sọ pé ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú yóò tètè bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń tètè bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni ó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òdìkejì rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. T-72 ti Soviet, tí wọ́n ti ṣe ju 20,000 lọ, kéré, ó rẹlẹ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ kò sì ju 41 tọ́ọ̀nù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ni pé wọ́n yọ ènìyàn kan kúrò. Nínú táńkì àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn, ènìyàn mẹ́rin ló wà: awakọ̀, ọ̀gá, ẹni tó ń yìnbọn, àti ẹni tó ń kì àgbá. Nínú T-72, ẹ̀rọ ló ń kì í, ènìyàn mẹ́ta ló sì kù. Ọ̀gá àti ayìnbọn jókòó sí apá ọ̀tún àti òsì àgbá. Lábẹ́ ìjókòó wọn, àwo irin ńlá kan wà tó rí rìbìtì, tí wọ́n to ọta 22 yí ká pẹ̀lú ẹ̀tù wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ yìnbọn, àwo yẹn á yí títí tí èyí tí wọ́n fẹ́ á fi dé, apá irin kan á gbé e sókè, á kọ́kọ́ ti ọta sẹ́nu àgbá, á tún ti ẹ̀tù tẹ̀lé e. Iṣẹ́ náà dára lójú. Kò rẹ ẹ́, kò ṣàárẹ̀, kò bẹ̀rù.

Àmọ́ kò sí ohunkóhun tó ya àwo yẹn nípa sí àwọn tó jókòó lórí rẹ̀. Wọ́n tún kó ọta mìíràn sí kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ nínú ara ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá gbiná, gbogbo rẹ̀ lè gbiná, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó jáde kò sì ní ibi tó máa gbà ju òkè lọ. Á ká orí táńkì náà kúrò lọ́rùn, á jù ú sókè, orí tó wúwo ní ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù á wá lọ dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ ti rí àwòrán rẹ̀ láti Ukraine, àwọn orí táńkì tó dọ̀bálẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Àwọn ènìyàn máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò lè fi í rẹ́rìn-ín, torí pé ibikíbi tí orí bá ti fò bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó parí. Awakọ̀ tiẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀: bí àgbá bá dúró sórí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, kò lè ṣí i jáde.

Nínú Abrams, ẹ̀yìn orí táńkì ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọta sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin nípọn. Ẹni tó ń kì àgbá jókòó sápá òsì. Bí ọ̀gá bá pàṣẹ, á fi orúnkún ti bọ́tìnnì kan, ilẹ̀kùn á sún, á fa ọta kan tó wúwo tó bí 20 kìlógíráàmù jáde, á yí i po láàárín àyè tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, á tì í sẹ́nu àgbá. Bó bá ti mú orúnkún kúrò, ilẹ̀kùn á padà dé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè parí gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Lórí àpótí ọta yẹn, wọ́n ṣe ìdérí tó fẹ́lẹ́ ju ògiri rẹ̀ lọ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọta bá gbiná, ìdérí ni yóò kọ́kọ́ fò, iná á gba òkè lọ síta, ilẹ̀kùn irin á sì dáàbò bo àwọn tó wà nínú. Táńkì náà lè má ṣeé lò mọ́. Àwọn mẹ́rin á jáde. Leopard 2 ṣe ìdajì èyí: ọta 15 wà ní ẹ̀yìn orí lọ́nà yìí kan náà, ṣùgbọ́n 27 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ láìsí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Turkey fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìyẹn lè fà ní ìparí ọdún 2016, nígbà tí wọ́n pàdánù Leopard mélòó kan ní al-Bab, ní Syria.

Gbogbo èyí ló wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn gbà láti fún Ukraine ní táńkì ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Britain fún wọn ní Challenger 2 mẹ́rìnlá, Amẹ́ríkà ṣèlérí Abrams 31, Jámánì àti àwọn mìíràn kó Leopard sílẹ̀. Ìrètí pọ̀ nígbà náà pé wọ́n máa la ojú ogun já bí ọ̀bẹ. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n wọ inú bọ́ńbù abẹ́lẹ̀ tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti rì sí apá Zaporizhzhia, ẹsẹ̀ irin wọn já, wọ́n dúró sójú kan, àgbá àti hẹlikópítà sì dà wọ́n láàmú. Ní oṣù Kẹsàn-án, Challenger 2 kan jóná nítòsí Robotyne. Ohun tí mo rántí jù nípa ìyẹn ni pé gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ sí àkọlé ńlá pé ọkọ̀ náà jóná, wọ́n kọ ti àwọn ènìyàn sí ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni drone wá gba ojú ogun. Èyí tó burú jù kì í ṣe ńlá. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní ìyẹ́ kéékèèké ni, kámẹ́rà wà níwájú rẹ̀, ẹni tó ń darí rẹ̀ jókòó sínú ilé abẹ́lẹ̀ ní kìlómítà mélòó kan sí i, ó de ìgò sójú, ó ń wo ohun tí kámẹ́rà ń wò bí ẹni pé òun gan-an ló ń fò. Wọ́n á fi téèpù so ọta RPG-7 mọ́ ọn lábẹ́. Owó rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lọ. Táńkì tó fẹ́ bà jẹ́ ń lọ sí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Nígbà tí Jámánì ra Leopard 2A8 méjìdínlógún ní 2023 láti fi rọ́pò èyí tó fún Ukraine, owó rẹ̀ lé ní 500 mílíọ̀nù yúrò. Ẹni tó ń darí drone kò nílò láti bá irin iwájú jà. Á fò yí i po, á wá ibi tó fẹ́lẹ́: àtàrí, ẹ̀yìn ibi ẹ́ńjìnnì, àlàfo tó wà láàárín orí àti ara, ẹnu ọ̀nà tí ẹnì kan gbàgbé láti tì. Bí èkíní kò bá pa á, èkejì á wá, àti ẹ̀kẹwàá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ológun Amẹ́ríkà sọ fún àwọn oníròyìn pé Ukraine ti fa Abrams sẹ́yìn nítorí drone.

Àwọn jagunjagun kò dúró de àwọn ẹnjiníà. Wọ́n gé irin, wọ́n jó o mọ́ ara wọn, wọ́n kọ́ òrùlé sórí táńkì. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ní mangal, orúkọ irin tí wọ́n fi ń yan ẹran. Nígbà tó di ìgbà ìrúwé 2024, wọ́n ti fi páànù bo táńkì láti òkè délẹ̀ bí abà tó ń rìn, kò ríran sọ́tùn-ún, kò ríran sósì, àgbá rẹ̀ kò lè yí. Ìjàpá ni ayé ń pè é. Ó rẹwà lójú ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn, àmọ́ ohun tó sọ fún mi ni bí ẹ̀rù ṣe ń ba àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ páànù yẹn tó, tí wọ́n fi gbà láti fọ́jú kí wọ́n lè wà láàyè. Wọ́n tún so ẹ̀rọ tó ń dí ìgbì réédíò mọ́ ọn, kí drone má lè gbọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Ìgbà tó yá, wọ́n gbé drone tó ń tú okùn fáíbà tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ bí aláǹtakùn. Kò lo ìgbì réédíò rárá, kò sì sí ohun tí wọ́n máa dí.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni àwọn oníṣẹ́ ńlá fẹ́ kí táńkì fi ṣọ́ orí rẹ̀. Èyí tó ti jáde lójú ogun pẹ́ jù lára wọn ni Trophy, tí iléeṣẹ́ Rafael ṣe fún Merkava. Réda pẹlẹbẹ mẹ́rin yí táńkì ká. Bí mísáìlì tàbí RPG bá ń bọ̀, réda á rí i, kọ̀ǹpútà á ṣírò bóyá ó máa bà á tàbí á gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, bó bá máa bà á, ẹ̀rọ kan á yí, á tú èérún irin pàpàpà pàdé rẹ̀ lófuurufú. Gbogbo rẹ̀ ti parí kí àwọn tó wà nínú tó mọ̀ pé ẹnì kan yìnbọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011 ni ó kọ́kọ́ gba táńkì kan là lẹ́bàá Gaza. Ṣùgbọ́n ìwò rẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ sí ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú eré; ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Hamas fi drone sọ bọ́ńbù sí Merkava láti òkè gan-an. Láti ìgbà náà ni gbogbo àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí ti ń kọ́ ọ láti máa wòkè.

Ti àwọn táńkì tuntun, mi ò ní pẹ́ lórí wọn, torí ọ̀pọ̀ wọn ṣì jẹ́ àwòrán àti ìlérí. Iléeṣẹ́ Rheinmetall ti Jámánì fi táńkì KF51 hàn ní Paris ní 2022, àgbá rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 130, ó sì lè gbé drone tirẹ̀. Faransé àti Jámánì ti ń jíròrò lórí táńkì àjọṣe kan láti 2017. Amẹ́ríkà pa ètò tó ní fún Abrams tì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ó ní òun kò lè máa fi kún ìwúwo rẹ̀ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ Abrams mìíràn, M1E3, tó gbọ́dọ̀ fúyẹ́ sí i.

Armata ti Rọ́ṣíà ló yẹ ká dúró lé, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí T-14 Armata kọjá ní Gbàgede Pupa ní Moscow ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ẹnu ya àwọn tó mọ̀ nípa táńkì. Kò sí ènìyàn kankan nínú orí rẹ̀ tó gbé àgbá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó níwájú nínú ara ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nínú àpótí irin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọta àti ẹ̀tù. Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ríran. Àwọn tó kọ́ T-72, tó gbé àwọn ọmọ jókòó sórí ẹ̀tù fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ni wọ́n wá gbà níkẹyìn pé ènìyàn àti ẹ̀tù kò gbọ́dọ̀ gbé inú yàrá kan. Wọ́n ní àwọn máa ṣe 2,300 kó tó di 2020. Wọn kò ṣe é. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Sergei Chemezov tó ń darí Rostec, àjọ ìjọba Rọ́ṣíà tó ni iléeṣẹ́ tó ń kàn án, sọ pé Armata ti wọ́n jù, pé T-90 tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun á máa rà. T-90, ọmọ T-72 ni, ọta sì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n mọ ọ̀nà tó lè gba àwọn ọmọ wọn là, wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ti fi han ayé, wọ́n wá ní owó rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà ju bí a ṣe rò lọ. Láti àwọn ọdún 1980 ni a ti ní Vickers ti Britain àti T-55 ti Soviet nílẹ̀. Nígbà tí ìjà Boko Haram le, wọ́n ra T-72 wá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọkọ̀ ojú omi já VT-4 sílẹ̀ ní èbúté Èkó, táńkì tuntun tí Norinco ní Ṣáínà ṣe, 52 tọ́ọ̀nù, àgbá mìlímítà 125. Wọ́n kó wọn lọ sí ìhà ìlà oòrùn àríwá. Ilẹ̀ dúdú firki tó wà lágbègbè Adágún Chad máa ń di ẹrẹ̀ tó lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù nígbà òjò, ọkọ̀ tó wúwo bẹ́ẹ̀ kò lè rìn bó ṣe wù ú níbẹ̀. Ọ̀nà tó lè gbà kò pọ̀, ọ̀tá sì mọ̀ wọ́n.

Láti ìparí ọdún 2024 ni ISWAP ti ń fi drone sọ bọ́ńbù sí ibùdó àwọn ọmọ ogun wa ní Borno. Ìdílé kan náà ni drone yẹn àti èyí tó ń yí lórí ìyàwó àti ọkọ níbi ìnáwó ní Ìbàdàn láti ya fídíò, ẹnikẹ́ni lè rà á lọ́jà. Ohun tó gba Ukraine ní ọdún kan láti rí, a ti ń rí i.

VT-4 ní ìhámọ́ra tó dára níwájú, ó ní kọ̀ǹpútà tó ń bá a fojú sun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń kì àgbá rẹ̀, àwo rìbìtì tó gbé ọta wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá àti ayìnbọn, bó ṣe wà nínú T-72 gẹ́lẹ́. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Benue, ọmọ Kàtsínà. Àwọ̀n, òrùlé irin, ẹ̀rọ tó ń dí ìgbì réédíò, kò sí èyí tí owó rẹ̀ súnmọ́ owó táńkì kan, àwọn alágbẹ̀dẹ wẹ́dà wa sì lè kan òrùlé irin náà nílé níbí. Bí ìròyìn bá tún dé pé a fẹ́ ra táńkì mìíràn, ibi tí ọta wà nínú rẹ̀ àti ohun tó bo àtàrí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn aṣojú wa ní Abuja kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á, kí wọ́n tó bi í ní iye.